Ìwé Ìwọ̀n

Ọmọbìnrin kan gun àtẹ̀gùn òkúta Ìtòkò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, káàdì Ìdí-Àbà ló fi kọ́rùn.
Ó ní Dókítà Ṣódẹ̀hìndé lòun, ìwádìí lòun ń ṣe
lórí ara sísan àti àwọn àrùn tí í bá a rìn.
Mo ní, "Télọ̀ ni mí, ìyá mi. Kí ló kàn mí?"
Ó nawọ́ sí pẹpẹ. Ìwé mi ló ń wò.

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa mẹ́ta, ọdún mẹ́tàlélógún:
orúkọ, èjìká, àyà, bàdí, gígùn.
Epo àkàrà ti kan òmíràn, eku ti jẹ etí ọ̀kan.
Ó ní ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ nìkan làwọn ń rí;
kò sẹ́ni tó wọn àwọn èèyàn yìí nígbà tí ara wọn ṣì le.
"Ẹ̀yin lẹ wọ̀n wọ́n, bàbá. Ẹ̀yin nìkan."

A jókòó. Mo ń kà, ó ń kọ.
Mọńjọ́lá Àdátán: íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà ìgbéyàwó,
mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìbejì,
ogójì lọ́dún tó ra mọ́tò, tó dágbére fún ẹsẹ̀ rírìn.
Alhájà Ṣìdí Lafẹ́nwá, tó ní òun kì í jẹ ju ẹ̀kọ méjì lójúmọ́,
tó sì ń wú bíi gaàrí inú omi.
Mo ní irọ́ ló ń pa. Dókítà gbójú sókè:
"Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà níbẹ̀,
oorun àìtó wà níbẹ̀, ìrònú wà níbẹ̀.
Ọ̀fun nìkan kọ́ ló jẹ̀bi."
Mo dákẹ́.

Ó ní bí èèyàn ṣe wúwo tó kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù jù báyìí,
ibi tí ọ̀rá bá kọ́lé sí ni.
Ti itan lè jókòó jẹ́ẹ́;
èyí tó rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká,
òun ní í ránṣẹ́ pe ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ní í pe àtọ̀gbẹ.
Téèpù a sì máa rí i nígbà tí òṣùwọ̀n bá fọ́jú.
Téèpù! Èyí tó ń rọ̀ lọ́rùn mi láti àárọ̀ ọjọ́!

Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́.
Bí aṣọ bá fún oníbàárà, mo máa ń ní, "Omi ló mú un súnkì."
Mo máa ń pa íǹṣì méjì mọ́ sínú ojú rírán
kí n lè tú u lẹ́ẹ̀mí-ìn, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.
Mo pè é láàánú. Ṣebí "o ti sanra o" la fi ń yin ara wa,
ẹni tó bá rù ni à ń bi pé ṣé kò sí.
Ṣótáyọ̀ oníbáńkì ṣubú ní Kútọ̀
nínú ṣòkòtò tí mo tú lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì jí.

Mo bi í nípa abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń sọ.
Ó ní ó ń ṣiṣẹ́: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á ta ọpọlọ lólobó pé ikùn ti kún.
Ṣùgbọ́n owó oṣù òun alára kò ká a,
bí èèyàn bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, ara a máa rántí ọ̀nà ilé.
Mo wo abẹ́rẹ́ tèmi,
tó ti ń bá ara èèyàn rìn láti ọjọ́ yìí, tí kò sọ nǹkan kan.

Ó kó ìwé méjì lọ. Mo fi ẹ̀kẹta pa mọ́,
torí Fẹ́hìntọ́lá aya mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́.
Lálẹ́, mo gbé téèpù wọ yàrá.
Ó ní, "Aṣọ wo la fẹ́ rán?" Mo ní kò sáṣọ.
Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa ikùn sínú.
Mo ní, "Jọ̀ọ́, mí síta."
Ó mí.
Mo ka iye rẹ̀ sókè, n kò yọ íǹṣì kan.
Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó yá, yíjú sẹ́yìn."