Wolé-wolé

Òjò Eugene kì í lu páànù,
ńṣe ló ń rọra jókòó sí èjìká ènìyàn.
Aago mẹ́rin ìdájí. Mo bọ́ bàtà òde, mo ki ẹsẹ̀ bọ ti rọ́bà,
mo wọ yàrá ẹja. Ooru pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà
bí ooru oṣù kẹta ní Ìlá.
Àwọn ẹja wọ̀nyí ò mọ̀ pé Oregon la wà.

Wọn ò tó ìka ọmọdé,
ilà ara wọn gún bí ilà ìwé ọmọ iléèwé.
Mo yọ pákó tó pààlà akọ sábo.
Iná tàn. N kò tíì fọ igò méjì tán
tí ẹyin ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí iyanrìn,
iyanrìn tí ojú ń là kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta, Inés Quiroga tó ń kàwé gboyè
na ọwọ́ sí mi: ẹ wá wò ó, Ọ̀gbẹ́ni Fìjàbí.
Mo dojú dé maikirosíkóòpù.
Orí ọmọ ẹja, gbangba bí gíláàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù,
àti nínú rẹ̀, àwọn kan tó mu aró pupa
ń rìn.

Ó ní wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ọpọlọ.
Ẹ̀bá pupa ẹyin ni wọ́n ti gbéra
nígbà tí ọmọ ò tíì lẹ́nu tí yóò fi jẹun.
Òkú ló pè wọ́n:
sẹ́ẹ̀lì tí kò ríṣẹ́ ṣe a kú sí àyè rẹ̀,
ìròyìn a kàn wọ́n lọ́nà jíjìn,
wọn a dìde.

Mo ní, gúnnugún ni wọ́n nìyẹn.
Mo tún wò ó, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.
Torí ọ̀kan na apá, ó fi kan ará ilé kan, ó fà á padà,
ó na òmíràn, ó yà sílé kejì,
kò pa nǹkan, kò jẹ nǹkan,
ó kàn ń bèèrè.

Bàbá mi nìyí.
Aṣọ kakí, ọ̀pá lọ́wọ́, ìwé lábẹ́ abíyá.
Wolé-wolé ń bọ̀ o! àwọn ọmọdé á pariwo,
àwọn ìyá á sáré da omi ìdin ẹ̀fọn nù.
Á ṣí ìkòkò. Á yẹ ẹ̀yìnkùlé wò.
Kò sẹ́ni tó ń kí i kú iṣẹ́.
Ará Ìbòkun ni, wọn ò jẹ́ kó gbàgbé;
síbẹ̀ kó tó kú, ó mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìlá
ju àwọn tó ni ín lọ.

Inés ní wọ́n tún ń rẹ́wọ́ okùn tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ sẹ́ẹ̀lì,
èyí tó bá pọ̀ jù.
Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, mo wí lédè wa.
Kò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀.
N kò bi í léèrè bóyá àwọn ló jẹ
ohùn ìyá mi, tí n kò rántí mọ́.

Àwo kejì wà níbẹ̀.
Ẹja tí wọ́n ti mú kó má ní wolé-wolé láti inú ẹyin.
Ó ń wẹ̀. Ó jọ ẹja.
Ṣùgbọ́n òkú jókòó káàkiri orí rẹ̀
bí iyọ̀ tí kò yọ́,
kò sẹ́ni tó wá gbé wọn.
Mo pẹ́ lórí àwo yẹn.

Aago méje, àwọn onímọ̀ ń wọlé, òjò lórí irun wọn,
wọ́n ń kí ara wọn.
Mo fi àwọ̀n kó àwọn tó kú mọ́jú,
mẹ́rin, nínú agbada kọkànlélógójì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, iye, ibi tí mo ti bá wọn.
Lẹ́yìn náà mo na apá,
mo fọwọ́ kan gíláàsì tó tẹ̀ lé e.