Iyán Àná

Mo kọ ọ́ sára pátákó ní Ọjọ́bọ̀,
níléèwé wa l'Ẹ́fọ̀n:
gúlúkóòsì, ọ́síjìn, ọfà kan láàárín,
afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, omi, agbára.
Fálànà nawọ́. Ó ní, "Tíṣà,
bí oúnjẹ bá ń jóná nínú wa,
èéfín rẹ̀ ńkọ́?"
Aago lù. Mo nu pátákó.
Ìbéèrè ọmọ náà bá mi délé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo bá ìyá mi ru iṣu
láti oko ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè.
Ẹni àádọ́rin ọdún ń gun òkè bí ewúrẹ́,
èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́;
iyán àná ló ń jó mi lẹ́sẹ̀.
Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo jókòó sórí àpáta.
Ibẹ̀ ni ó ti yé mi.

Iyán tí a gún lánàá ti kúrò níkùn.
Ó ti di ṣúgà, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀,
ó ti kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì.
Wọn kì í jù ú síná lódindi.
Wọ́n á kọ́ là á sí méjì lẹ́nu ọ̀nà,
èyí kò tilẹ̀ béèrè afẹ́fẹ́,
èrè ibẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ méjì lọ.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e wọ yàrá inú,
mitokóńdíríà, ilé ìdáná tí kò ní ààrò,
kí wọ́n máa rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́,
díẹ̀díẹ̀, kí ooru má baà pa onílé,
kí owó ńlá lè di ṣẹ́ńjì tí iṣan lè ná.
Ọ́síjìn ló dúró ní òpin ọ̀nà,
ó gba èyí tó ṣẹ́kù, ó sọ ọ́ di omi.

Ṣùgbọ́n òkè ga, èémí mi kò tó.
Ẹsẹ̀ kò dúró de ọ́síjìn:
ó ń la ṣúgà, ó ń là á, ibẹ̀ kan.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹmu ṣe ń hó nínú akèǹgbè láìsí iná;
àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú rẹ̀ ń la ṣúgà lókùnkùn.
Ọtí ni tiwọn. Ìrora ni tèmi.

"Usu è mọ ọ̀nà ulé," ni ìyá mi wí.
Mo dìde.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò ti rọ̀ mọ́jú, òtútù mú.
Mo ní kí Fálànà mí sára gíláàsì fèrèsé.
Gíláàsì náà ṣú bí ẹni tí ìrì sẹ̀ sí.
"Kí lo jẹ lálẹ́ àná?"
"Iyán ni, mà."
"Díẹ̀ nínú omi rẹ̀ nìyẹn.
Èyí tí o kò rí ti gba ojú fèrèsé jáde,
ó ń wá ewé iṣu tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà."

Ó wo gíláàsì títí ó fi gbẹ.
Ó ní, "Ṣé iyán mi tán nìyẹn?"
Mo ní, kò tán.
Òun náà lo fi béèrè.