Ìbọ̀wọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún

Ìbọ̀wọ́ awọ kan so rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa
ní Máfolúkù, láàárín asẹ́ àti ìjábẹ̀.
Irun àgùntàn ló wà nínú rẹ̀.
Ta ní í wọ irun àgùntàn nínú ooru Ìkẹjà?
Òun la fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ti jóná. Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́ nù.

Mo ní kó jókòó.

Nígbà ogun Hítílà, katapílà dé, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó jẹ oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi àgbà, Bàbá Síttù,
ogójì poro ó dín mẹ́rin,
àti àgbálùmọ̀ tí wọ́n sin ìwọ́ ìyá mi sí nídìí.
Akọ̀wé ìjọba ka owó lé e lọ́wọ́,
owó tí kò ra ewúrẹ́ méjì.
Wọ́n da ọ̀dà sílẹ̀. Bàálù ń bà níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń ta.
Ó búra: òun ò tún ní kí òyìnbó kankan láyé òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
ó pọ́n bí ata, ibà ti dè é, ó ń gbọ̀n.
Tíṣà Bámigbádé sọ gẹ̀ẹ́sì sí i; ó mi orí.
Òyìnbó wo ni kò gbọ́ òyìnbó?
Ìyá àgbà ò bèèrè. Ó gbé àgbo fún un,
èyí tó korò ju orógbó lọ.
Ó mu ún, ó fajú ro, ó na igbá padà: sí i.

Orúkọ rẹ̀ gùn, ó ń ró bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò.
A gé e sí Ṣẹ́kì.
Pólàńdì ni wọ́n ní ó ti wá;
ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá orí òkè ni tàbí etí odò.
Ó ń kọ́ èdè wa lẹ́nu ìyá mi, ọmọ ọdún méje:
omi, iyọ̀, ó tó, ó kù.
Ó fẹ́ pe ọkọ̀, ọkọ́ ló ń pè.
Ó ní ọkọ́ lòun fi fò gba orí òkun wá.
Ẹ̀rín pa àdúgbò dálẹ̀.

Lálẹ́ kan, ó fi igi ya ilé sórí iyẹ̀pẹ̀,
ilé, kànga, ẹṣin méjì nínú oko ọkà.
Ó fi bàtà pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́,
ó wá nàka sí àyà ara rẹ̀.

Bàbá Síttù wò ó títí àtùpà fi fẹ́ẹ̀ kú.
Ó gba igi náà. Ó la poro,
lọ́kọ̀ọ̀kan, ogójì ó dín mẹ́rin,
ó ya igi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó gbé ẹsẹ̀ sókè,
kò pa á rẹ́.
Ó kàn na igi sí ọ̀nà ibi tí bàálù ti ń hó.
Ṣẹ́kì wo bàtà ara rẹ̀. Ó bọ́ ọ.
Àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pé oṣù mẹ́rin. Àṣẹ dé:
Kánò lọ́la, Íjíbítì lọ́túnla.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún fún Ìyá àgbà, ó mú òsì.
Ó ní ojú ọ̀run tutù. Wọn ò gbà á gbọ́:
ibi tó sún mọ́ oòrùn tó bẹ́ẹ̀?
Bàbá Síttù, òun tó búra, sìn ín dé ẹnu wáyà.
"Kí ọkọ́ rẹ gbé ọ délé," ó ní.
Kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà kankan ò wá. A ò mọ̀ bóyá ó délé,
a ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ilé ṣì wà.
Ìyá àgbà darúgbó, ó ń gbàgbé orúkọ wa,
ṣùgbọ́n bí bàálù bá rẹlẹ̀ kọjá, tí àwo ń gbọ̀n nínú agbọ̀n,
á dúró, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìkòkò lórí iná:
"Ọwọ́ tó kù síta yẹn ńkọ́?
Otútù ò mú un?"