Ojú Afẹ́fẹ́

Ìjì oṣù kìíní ló fọ́ fèrèsé ilé ìdáná Sadhbh
ní etíkun Wọ́tafọ́dù, ní ilẹ̀ Áyálándì,
ní aago mẹ́ta òru, tí ajá fi sá sábẹ́ àga.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò ti kún inú àwo ṣúgà.
Ó fi páálí dí i. Afẹ́fẹ́ tì í ṣubú.
Ó fi ìrọ̀rí dí i. Ìrọ̀rí mu omi yó bí ọ̀mùtí.

Ọjọ́rú ni Bogumił tó dé,
onígíláàsì, ọmọ Póláńdì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó gbé gíláàsì náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.
"Kí lẹ ń pè é nílùú yín?" ni ìyá àgbà bi í.
"Okno," ó fèsì, ó wá fi ìka kan ìpéǹpéjú:
"Ọ̀rọ̀ wa àtijọ́ ni. Oko ló bí i."
(Oko tiwọn kì í ṣe ibi tí à ń kọ ebè.
Ojú ni. Ojú tí a fi ń ríran.)

Deolinda tó ń tọ́jú ìyá rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ànàmọ́.
"Janela ni ti Pọtogí: ilẹ̀kùn kékeré.
Ìyá mi a ní ó kéré jù fún èèyàn láti gbà jáde,
ó sì fẹ̀ tó fún òfófó láti gbà wọlé."

Fiachra pè láti Sípéènì, ó ní ṣé òtútù ò pa yín?
Wọ́n bi òun náà. "Ventana," ló wí, "ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́."
Afẹ́fẹ́ nìkan! Wọn ò fi ojú kankan sí i.
Àwọn ará Fínláńdì ní tiwọn yá ojú lọ́wọ́ aládùúgbò,
wọ́n ń pè é ní ikkuna,
wọn ò dá a padà títí dòní.
Ti Látìn, fenestra, ló rìn jìnnà jù, ó gba Jámánì, ó gba Faransé,
ṣùgbọ́n bi í pé ọmọ ta ni,
yóò máa wo ilẹ̀.

Sadhbh dákẹ́. Fuinneog ni òun ń pè é láti kékeré,
ó sì rò pé ogún ìyá òun ni,
àfìgbà tí tíṣà kan kọ ọ́ sára pátákó
ní ọdún tí òun pé mẹ́sàn-án:
àwọn ajagun ojú omi ló mú un wá láti àríwá.
Vindauga. Ojú afẹ́fẹ́.
Ihò orí òrùlé tí èéfín ń gbà jáde.
Àwọn tó wá jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì,
tó wá ti iná bọ ilé,
àwọn náà ló sọ ojú ilé lórúkọ.

Ta ló kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu wọn?
Ṣé ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ sí lọ́rùn ni,
àbí obìnrin kan tó bímọ fún ọ̀kan nínú wọn,
tí ọmọ náà na ọwọ́ sókè lálẹ́ ọjọ́ kan
tó sì fi èdè bàbá rẹ̀ dárúkọ ibi tí òṣùpá wà?
N kò mọ̀. Tíṣà náà kò mọ̀.

Gíláàsì wọlé sípò. Bogumił fi ìwé ìròyìn nù ún.
"Ẹ má fọwọ́ kan etí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì gbẹ."
Òkun padà síbi tó máa ń wà.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ni ìyá yìí ti ń dúró síbẹ̀,
tó ń wá ọkọ̀ ojú omi kan, ti Donnchadh, tí kò dé.
"Ojú ni," ó wí jẹ́jẹ́, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.
"Mo ṣe bí èmi nìkan ni mò ń wò."

Àwa náà sì rèé o, tí à ń sọ pé
"ó dúró lójú fèrèsé"
lójoojúmọ́ ayé,
tí a ò bi ara wa rí pé
ta ló fi ojú síbẹ̀.

Ó ku àmì àtàǹpàkò onígíláàsì nínú àtè tútù,
nísàlẹ̀, lápá òsì.
Deolinda fẹ́ fi ọ̀bẹ tún un ṣe.
Ìyá ní kó fi í sílẹ̀.