Máìlì Tí Ẹsẹ̀ Kò Rìn

Ní báńkì Alágbàká, Fèyíṣayọ̀ na káàdì kan sí mi,
ó dúdú bí aró, bàálù kékeré kan ń fò ní igun rẹ̀.
"Káàdì àárín ni, sà. Kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù,
kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń jókòó níwájú bàálù."
Orúkọ mi ò gba ara rẹ̀ tán:
AKINMOLADU ni wọ́n tẹ̀, wọ́n fi N ìkẹyìn sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
kò sì sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí gbogbo rẹ̀.

Mo gbé e délé. Lóru, mo yí rìsíìtì kòkó dojú dé,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.
Owó ọdún, ẹgbàá mọ́kànlélógún náírà:
bí mo fò, bí mi ò fò, wọn yóò yọ ọ́.
Igba náírà tí mo bá ná, máìlì kan.
Máìlì ẹ̀ẹ́dẹ́gbàajọ, ìjókòó kan, Àkúrẹ́ sí Èkó, àlọ nìkan.
Ìyẹn ni pé kí n ná mílíọ̀nù mẹ́ta
kí n tó rí ohun tí ọ̀kẹ́ mẹ́fà ń rà.
Ọ̀kẹ́ owó o, kì í ṣe ọ̀kẹ́ kòkó.
Àwọn lébìrà mi n'Ìdànrè kò mọ káàdì,
owó tó ń dún lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbà.
Ó ku díísù, ó ku táyà:
ọdún kan àbọ̀, fún wákàtí kan lójú ọ̀run.

Ìbídùnní yíjú sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Èlé ńkọ́?"
Mi ò tíì ka ẹ̀yìn ìwé.
Náírà mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún, lóṣooṣù, bí mo bá pẹ́ san.
Ó ní, "Ẹni tó fi gbèsè ra ìyẹ́, ilẹ̀ ni yóò ti máa fò."
Mo ní ẹrù àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.
Ó ní kí ni mò ń gbé? Kòkó àyẹ̀wò kílò mẹ́rin, ṣẹ́ẹ̀tì méjì.
Mo ní yàrá àpọ́nlé wà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tíì ọ̀fẹ́, àga rọ̀gbọ̀kú.
"Ṣé Ọ̀bà-Ilé ni yàrá ọ̀hún wà?"
Mo dákẹ́.
L'Ọ̀bà-Ilé, àga irin la ní,
àti fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tí kò gbà.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ bo gbogbo òkè.
Bàálù dé orí wa, a gbọ́ ohùn rẹ̀,
kò rílẹ̀, ó padà.
Ọkọ̀ ni mo wọ̀ gba ọ̀nà Oǹdó,
àyà mi ń já ní gbogbo ibi tí igbó ti ki.
Káàdì wà lápò mi. Máìlì ọjọ́ náà, òdo.

Bàbá mi máa ń rin Ìdànrè sí Àkúrẹ́,
máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kòkó lórí, kó tó ra kẹ̀kẹ́.
Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún un?
Ká ní ẹnì kan ń kà á ni, bàbá ì bá ti fò yí ayé po,
ì bá jókòó níwájú, kí wọ́n tẹ̀ ba bi í:
omi ni, àbí ọsàn?
Tèmi tí ẹsẹ̀ kò rìn yìí, ọdún méjì ló ní, á kú.
Kòkó náà máa ń hu, ṣùgbọ́n mo máa ń gbóòórùn rẹ̀.

Ẹni tó ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń san gbèsè kí oṣù tó pé,
kó gbà á, ó yẹ ẹ́.
Èmi, mo ti sọ fún Fèyíṣayọ̀ pé mò ń dá a padà.
Ṣùgbọ́n ìyá mi pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kò wọ bàálù rí,
ìjókòó rẹ̀ sì ku egbèje máìlì péré.
Lánàá, mo ra táyà mẹ́rin l'Ọ̀yẹ̀mẹ́kùn.
Méjì ni ọkọ̀ nílò.
Ìbídùnní wo méjì tó kù ní bàràndà, ó tún wò ó,
ó lọ gbé omi kaná.