Ọkọ̀ Tí Ń Fà Sọ́tùn-ún

Bí mo bá ti kọjá Ìdófìàn, tí ọ̀nà nà tàntàn,
tí mo tẹná,
sítíárìn á fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́,
imú Gọ́ọ̀fù mi á yà sọ́tùn-ún
bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu.
Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tọ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó di fà á kí n fà á.
Kí n tó dé Àjàṣẹ́, apá ti ń ro mí dé èjìká.

Oríta Àjàṣẹ́ rèé:
òsì ni Òmù-Àrán, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò;
ọ̀tún ni Ọ̀fà.
Ọ̀fà ni Dúródọlá wà, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi.
Ó pé ọdún méjì tí a ti kí ara wa gbẹ̀yìn.
Mo bi ọkọ̀ léèrè pé, ìwọ tí ò ń fà sí Ọ̀fà,
ta ló rán ọ?

Gáà Àkànbí ni mo gbé e lọ,
sọ́dọ̀ Sáádù ọmọ Òkèlele,
ọkùnrin tí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀.
Ó ní, "Ṣé ìgbà gbogbo ló ń fà?"
Mo ní rárá.
"Ìbá jẹ́ ìgbà gbogbo, ǹ bá ní táyà ni, tàbí aláímẹ́ńtì.
Ṣé tí ẹ bá tẹ búréèkì ni?"
Rárá o.
"Àfi tí ẹ bá tẹná?"
Àfi tí mo bá tẹná.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀.

Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ká ọ̀kan kò ní ìgúnpá:
"Ṣáàfùtì méjì ló wà lábẹ́ ibí yìí, tíṣà.
Ti ọ̀tún gùn, ti òsì kúrú,
torí ẹ́ńjìnnì kò jókòó sáàárín.
Agbára kan náà ni wọ́n jọ ń pín,
ṣùgbọ́n èyí tó gùn á kọ́kọ́ lọ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.
Ẹsẹ̀ iwájú ló ń wọ́ ọkọ̀,
ẹsẹ̀ iwájú náà ló ń yà á.
Ẹni tó ru ẹrù, tí wọ́n tún ní kó mú fìtílà dání,
ẹ ò wá fẹ́ kó fẹsẹ̀ kọ?"

Mo rántí Píjò bàbá wa.
Ẹ̀yìn ni tirẹ̀ ti ń tì, iwájú kàn ń wo ọ̀nà ni.
Ìka méjì ni Bàbá fi ń di sítíárìn mú,
á fi ọwọ́ kejì na ẹ̀pà sẹ́yìn fún èmi àti Dúródọlá.
Lẹ́yìn ìsìnkú, Dúródọlá tà á fún ará Ìlẹmọnà kan.
Kò sọ fún mi.
Ó fi ìdajì owó ránṣẹ́.
Owó ọ̀hún ni mo fi ra Gọ́ọ̀fù yìí.
N kò sọ èyí fún Sáádù.

Ganíyù ọmọṣẹ́ rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ,
ohùn rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wá:
"Ọ̀gá, síìtì ẹ́ńjìnnì ti já lápá kan. Bọ́ọ̀ṣì náà ti jẹ."
Wọ́n pààrọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ táyà kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ́gba.
Sáádù nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó kàwó, ó ní:
"Ó máa dínkù. Kò ní tán.
Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.
Ẹ má bá a jà. Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́,
kí ẹ di sítíárìn mú bí ẹni di òròmọdìyẹ mú:
ẹ má fún un pa, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé mo tún dé oríta.
Mo rọra tẹná.
Ó fà díẹ̀, bí ọmọ tó ń fa etí ìró ìyá rẹ̀,
kò fà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.
N kò rí ṣáàfùtì kankan di ẹ̀bi rù.
Ọwọ́ èmi fúnra mi ló tan iná ọ̀tún.
Ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́,
ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi sì ń fọn fèrè
pé kí n yà, tàbí kí n má yà.