Ojú Ìwé Igba Lé Mẹ́rìnlá

Ọjọ́ tí mo wọ iléeṣẹ́ náà ní Tampere,
Taisto bi mí, kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí bàtà yìnyín tó ń bọ́:
“Kí lo kà ní yunifásítì?”
Mo ní lẹ́tà àwọn opó ayé àtijọ́ ni mo kà,
àwọn tí ọkọ wọn bá yìnyín odò lọ.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú.
“Ẹ̀rọ tó ń gégi,” ó ní, “kì í ṣe opó.”

Òun, ó mọ iṣan epo inú irin
bí ìyá ṣe mọ àpá orí ọmọ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n bó bá ní kóun kọ ọ́ sílẹ̀,
gbólóhùn rẹ̀ a gùn bí ọ̀nà àríwá lóru:
òkùnkùn, igi, òkùnkùn, igi,
epo ọkọ̀ rẹ á tán kí o tó pàdé ọ̀rọ̀-ìṣe.

Èmi ńkọ́? Mo mọ ibi tí èèyàn ti ń mí nínú gbólóhùn.
Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan lè sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀,
kí ẹni tó ń kánjú má sì kà á sí.
Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe fáàfù ní pọ́ọ̀ǹpù.

Ojú ìwé igba lé mẹ́rìnlá ló dá ìjà sílẹ̀:
bí a ṣe ń tú rọ́bà epo kúrò lápá ẹ̀rọ.
Taisto kọ ọ́ pé títú rọ́bà náà kò gbọdọ̀ wáyé
ṣáájú kí agbára inú rẹ̀ tó wálẹ̀.
Mo ní, “Ta ni yóò tú u? Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe?”
Ó ní, “Ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀.”
Mo ní, “Ẹni tó gbọ́n ti wà nílé, ó ń sùn.”
Mo tún un kọ. Mo fi sùúrù sí i, mo fi òdòdó díẹ̀ sí i.
Ó ní, “Èyí dáa fún ìsìnkú.”

Ní Fẹ́búárì wọ́n rán àwa méjèèjì lọ sí igbó Kuhmo,
nínú òtútù tó ń sọ irun imú di abẹ́rẹ́.
Kalervo Piippo ló ń wa ẹ̀rọ níbẹ̀,
àgbà tó ní ìka mẹ́jọ ààbọ̀.
A kò béèrè.
Ó fa bébà kan yọ lápò àyà,
epo ti sọ ọ́ di awọ.
Ojú ìwé wa ni.
Ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà pa ti Taisto,
ó fa ìlà pa tèmi, tòdòdó-tòdòdó,
ó kọ sí etí rẹ̀:

Pa ẹ̀rọ.
Dúró.
Kà dé ọgọ́rùn-ún.
Wo ọwọ́ aago epo. Bí kò bá tíì wálẹ̀, tún dúró.
Tú u.

Taisto rí “ọgọ́rùn-ún”, ó mi orí:
òtútù ń mú epo ki, kì í tètè wálẹ̀.
Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọọrọ, kò kàn kọ ọ́ ni.
Èmi ń wo “Dúró” yẹn
tó dá dúró lórí ìlà tirẹ̀.
Ilé-ìwé wo ni Piippo lọ?
Ìka kan ààbọ̀ ló fi san owó rẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, Taisto ló wakọ̀.
Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Kajaani.
“Àwọn opó rẹ yẹn,” ó ní,
“ta ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí?”
Mo ní ìjọba ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan
ri igi mọ́ yìnyín níbi tó ti fẹ́lẹ́,
kí ará ọ̀nà lè rí i.
Ó dín eré kù.
“Ṣé wọ́n rì í?”
Mo ní, lẹ́yìn opó kẹtàdínlógún.